Ilẹ̀kùn Ọ̀dọ̀ Yín

Bàámi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ni wọ́n ń kí ẹni tó ti lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí tó tọ́. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi. Ẹ máa ń sọ pé ó dà bí ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún lé mi wá sílé láti ilé ìwé lóṣù tó kọjá, torí mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé kéde nínú ẹ̀rọ pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé. Àwọn kan ti gbé báàgì kọ́ èjìká kí wọ́n tó mú mi. Ká ní ẹ wà ńlẹ̀ ni, ẹ̀ bá bú mi dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ̀ bá wọ yàrá lọ, ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rò pé mi ò máa ń gbọ́ ni?

Òtútù ti dé, Bàámi. Kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ máa ń fi kádígan aláwọ̀ ewé yẹn bá jà o. Omi dì lórí koríko, ó dì nínú páìpù. Ooru ló mú nígbà tẹ́ ẹ lọ, ìwé orin ni àwọn ará ìjọ fi ń fẹ́ ara wọn létí ibojì. Nígbà tí mo rí yìnyín lójú fèrèsé, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn? Ṣé wọ́n wọ kádígan yẹn fún yín? Mo fẹ́ bi Màámi, ẹnu mi ò gbà á.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ rántí bí ohùn obìnrin Òyìnbó tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tí ilẹ̀kùn kan ò bá tì dáadáa, pé ilẹ̀kùn òsì ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀tún ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn gbẹrẹfu yẹn, bí ẹni tí wọn ò sanwó fún. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó ń dá a lóhùn. Ẹ á tẹrí ba díẹ̀, ẹ á ní, “A ti gbọ́, mà.” Màámi sọ ọ́ di orogún wọn. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ délé, wọ́n á ní, “Ṣé orogún mi ló dá yín dúró?” Ẹ sì rántí ọjọ́ tí mo fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, lórí freeway, títì ńlá tí mọ́tò ti ń sáré, tẹ́ ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ ń yí mọ́tò po, tẹ́ ẹ ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fi ohùn ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ máa ń dá èmi náà lóhùn. A ti gbọ́, mà.

Gbogbo ohùn ni mo lè sín jẹ, Bàámi, tiyín nìkan ni mi ò lè sín jẹ mọ́. Màámi kọ̀ fún mi lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ, wọ́n ní a kì í fi ohùn olóògbé ṣeré. Mo gbìyànjú ẹ̀ ní bálùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má bàa gbọ́. Ohùn Ọ́ńkù Baytown, àbúrò yín, ló ń jáde. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa parẹ́ lórí mi ni?

Ọ́ńkù Baytown náà ló fẹ́ gba mọ́tò. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àbúrò yín jókòó sórí àga yín, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ẹ kì í wa mọ́tò. Mọ́tò tí kò sẹ́ni tó ń wà á, dídógùn-ún ló máa dógùn-ún. Nǹkan ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ bàjẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n sunkún ju gbogbo wa lọ. Màámi ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ti ń kọ́ mọ́tò wíwà ní pápá ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n gba láísẹ́ńsì, wọ́n fi há àárín Bíbélì. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì dá wà á jáde rí. Wọ́n á jókòó sí i, wọ́n á di ọwọ́ ìdarí mú, wọ́n á tún bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n wá ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tọ́jú ọmọ ní Mission Bend. Bọ́ọ̀sì ò débẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, Ọ́ńkù sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá gbé mọ́tò ní Sátidé. Tí Màámi bá wà á débi iṣẹ́, mọ́tò di tiwọn nìyẹn. Tí wọn ò bá wà á, iṣẹ́ lọ, mọ́tò lọ.

Ọjọ́ Ẹtì náà gan-an ni òtútù yìí dé. Ilé ìwé wa ò ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀gá Màámi pè pé àwọn ń ṣí o. Kọ́kọ́rọ́ ò wọlé. Mo ṣáná sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ó wọlé. Rọ́bà ilẹ̀kùn ti lẹ̀ mọ́ra, mo fà á, ó dún bí ìgbà téèyàn ń ya aṣọ. Màámi fẹ́ da omi gbígbóná sí gíláàsì, mo ní kí wọ́n má dán an wò, pé ẹ sọ pé á fọ́. Wọ́n jókòó. Wọ́n fa ilẹ̀kùn. Ó padà. Mo gbá a láti ìta, ó padà. Mo fi ìdí gbá a bí i tiyín, ó tún padà. Irin tó yẹ kó gbá a mú ti dì. Iná inú ọkọ̀ ò kú, orogún sì bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀kùn òsì ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn òsì ṣí sílẹ̀.

Màámi gbọ́wọ́ kúrò lára ìdarí. “Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ bàbá ẹ ni.”

Mo ní, “Màámi, gíríìsì inú ẹ̀ ló dì.”

“Nínú gbogbo ilẹ̀kùn? Wọn ò tíì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí n jókòó síbẹ̀. Mú kọ́kọ́rọ́ wọlé, kí Bùọ̀dá Baytown wá gbé e lọ́la.”

Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n kọrí sí àtẹ̀gùn. Bàámi, ṣé ẹ̀yin lẹ di ilẹ̀kùn yẹn mú ni? Mo mọ̀ pé òtútù ni. Síbẹ̀ mo ń bi yín.

Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, ni mo bá ki orí bọnú mọ́tò, mo fi ohùn obìnrin yẹn sọ Yorùbá: “Ìyáálé mi, ẹ káàárọ̀ o. Èmi orogún yín ni. Ilẹ̀kùn òsì ṣí sílẹ̀ o. Ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ fi mí fún Ọ́ńkù Baytown? Ìyáálé, ẹ ṣàánú mi, ìbọ̀sẹ̀ wọn ń rùn!”

Màámi dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n kẹ́yìn sí mi. Èjìká wọn ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, ẹkún wà níbẹ̀, ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. “Ọmọ yìí, orí ẹ ti dàrú.” Wọ́n bá gun òkè lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ọ̀já ni wọ́n mú bọ̀. Ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí ní Mushin. Wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn yín nínú, wọ́n fà á gba iwájú ikùn ara wọn, wọ́n ní kí n so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, kó le dáadáa. Bí ẹni pé mọ́tò ló pọ̀n wọ́n. Ojú títì inú àdúgbò la gbà, a ń rìn bí ìgbín. Mo wà lẹ́yìn, mo nawọ́ di kókó ọ̀já mú. Màámi ń ka Sáàmù, orogún ń ké, àwọn méjèèjì ò gbẹ́nu sílẹ̀ fún ara wọn.

A ti ń sún mọ́ Mission Bend kí oòrùn tó yọ́ ohun tó dì nínú ilẹ̀kùn yẹn. Màámi fà á lẹ́ẹ̀kan sí i níbi iná pupa. Ó dún, kọ́. Iná inú ọkọ̀ kú. Ohùn dákẹ́.

“Orogún mi ti gbà,” ni Màámi wí. Wọn ò wo ẹ̀gbẹ́ kankan, wọ́n ń wo iwájú.

Sátidé, ọ̀rẹ́ Ọ́ńkù já wọn sílẹ̀, ó sì lọ, torí wọ́n rò pé mọ́tò làwọn máa wà padà. Màámi fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Màámi mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní, “Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sìn yín délé.” Ọ́ńkù tẹ̀lé wa lọ sídìí mọ́tò. Wọ́n jókòó lápá ọ̀tún, wọ́n gbé báàgì lé orúnkún, wọ́n ń wo ọwọ́ Màámi títí dé Baytown. Èmi wà lẹ́yìn, mo pa ẹnu mi mọ́, ẹ ò ní gbà á gbọ́.

Ọ́ńkù bọ́ sílẹ̀. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn, wọ́n rọra jù. Obìnrin yẹn ní ilẹ̀kùn ọ̀tún ṣí sílẹ̀. Ọ́ńkù dúró. Wọ́n tẹrí ba síbi gíláàsì, díẹ̀.

“A ti gbọ́, mà.”

Bàámi, ohùn yín ni. Kò sí ohun tó yẹ̀ níbẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu wọn láti ìgbà yìí, èmi ń lọ wá a ní bálùwẹ̀.

Wọ́n wá ti ilẹ̀kùn náà dáadáa, wọ́n sì wọlé lọ láìwẹ̀yìn. Màámi gbé orí lé ọwọ́ ìdarí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Mo bọ́ síwájú. Mo gbá ilẹ̀kùn, ó tì.

Ẹ sinmi, Bàámi. Tí òtútù bá ń mú yín, ẹ dárí jì wá. Mo ti wá bi Màámi: a ò rántí kádígan.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti wà níwájú báyìí.