Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Sẹ́ Ìran Wọn

                                        Ojúlé wa tí ẹ mọ̀,
                                        Budapest.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, 1951.

Ẹ̀gbọ́n mi Gizella ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú àárò wa. Ṣé àyà tó ń dun ọkọ yín ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ooru mú lọ́dọ̀ yín ní Graz bíi tiwa? Àwa ṣì wà láàyè. Màmá Àgbà ń jẹun díẹ̀díẹ̀, oyún inú mi sì ti pé oṣù márùn-ún. Ẹ fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ní oúnjẹ, ẹ má bi í ní ohunkóhun. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún.

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Láti oṣù Karùn-ún ni ìjọba ti ń kó àwọn ìdílé ọlọ́lá àtijọ́ kúrò nílùú lọ sí oko ní ìlà-oòrùn. Bí ìwé bá tẹ ènìyàn lọ́wọ́ láàárọ̀ òní, àárọ̀ ọ̀la ni yóò lọ. Lọ́jọ́ Ajé, Bartos tó ń ṣọ́ ilé wa dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ òun bóyá òótọ́ ni pé ìran Habsburg, àwọn ọba àtijọ́, ń gbé lókè wa. N kò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn tó kù. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tiwa jó, ẹ̀rù ló bù sí i.

Mo bẹ Màmá Àgbà pé kí a sun ìwé ìran wa, èyí tí orúkọ àwọn ọba wà nínú rẹ̀ títí dórí bàbá tó bí Màmá Àgbà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Etelka, ìwé yìí nìkan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Bí o bá sun ún, ta ni mo jẹ́?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin ìjọba méjì wọlé, Bartos tẹ̀ lé wọn. Màmá Àgbà jókòó lé ìwé náà lórí, wọn kò dìde. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Ìyá, a gbọ́ pé ọmọ ọba ni yín."

Ẹ̀yin náà mọ ìgbéraga Màmá Àgbà, ẹni tí kì í fi àwo tó sán jẹun! Mo fara ti ògiri, mo ń retí kí wọ́n máa ka orúkọ àwọn ọba lọ rẹrẹẹrẹ. Màmá Àgbà wo ikùn mi. Wọ́n wá na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú.

"Ta ló pa irú irọ́ yìí fún yín? Ọmọ alágbàfọ̀ ni mí. Borbála ìyá mi fọṣọ títí ó fi kú, èmi náà ń fọ̀ ọ́ dòní. Ẹ wo ìka mi. Ṣé ìka ọmọ ọba rèé?"

Bartos bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọba wo? Ìyá tó ń bá ìyàwó mi jà nítorí okùn ìsáṣọ!"

Ọkùnrin kejì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yóò lọ yẹ ìwé ìrìbọmi wò ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yóò sì padà wá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo béèrè ta ni Borbála. Màmá Àgbà ní ìyá àwọn ni lóòótọ́. Ọmọ ọba ló fún un lóyún, ìdílé ọba kò sì gbà á wọlé rí, nítorí náà orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé ìrìbọmi àwọn. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi bo orúkọ ìyá náà mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú.

"Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló wá gbà wá lónìí," ni wọ́n wí. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ju ìwé náà sínú iná. Wọ́n sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bu ọbẹ̀ ẹ̀wà wá.

Láàárọ̀ òní, mo gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn. Mo di Màmá Àgbà mú. Bàtà náà kọjá ẹnu ọ̀nà wa, ó gòkè lọ sọ́dọ̀ opó Ormándy, ẹni tó fún mi ní aṣọ tí n óò fi gba ọmọ. Mo gbọ́ tí obìnrin náà figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni, "Ọpẹ́ o!"

Màmá Àgbà gbọ́ mi. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n sì gòkè lọ bá a di ẹrù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ má fèsì.

Èmi ni àbúrò yín tí kò gbàgbé yín,
Etelka.