Ẹyẹ Tó Ké Lánàá àti Ìkòkò Aró Mi

Èmi, Morádéyọ̀ Àjọkẹ́, opó Akínyẹlé, aláró ní ìlú Òkúkù, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fi agídí mú mi kọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ló wú, ọpọlọ mi kò wú. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé arúgbó kò lè mọ̀wé mọ́, ẹ wo bí ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ mi ti gún tó.

Adédùntán ọmọbìnrin mi àti Ọ̀gbẹ́ni Fátóògùn, olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà, ni kí wọ́n mójú tó ohun tí mo kọ síbí.

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó wọlé wá bá wa. Olúsọjí, ọmọ Adédùntán, ti gbé ìyàwó ní Ìbàdàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti lọ ilé ọkọ ní Igbayè, ó sì ti bí ìbejì. Keziah, ìyàwó Àjíṣafẹ́ ọmọ mi, bí Adéọlá lẹ́yìn tí mọ́tò ti pa bàbá ọmọ náà lọ́nà Òṣogbo. Ṣàngówálé àkọ́bí mi sì ti fẹ́ ìyàwó kẹta ní Ìkìrun. Ẹnu ẹni tó ń ta iyọ̀ ni mo ti gbọ́ ti ìyẹn.

1. Ilé onípáánù tó wà ní Ìkìrun àti ìbọn ọdẹ bàbá wọn, mo fi fún Ṣàngówálé. Ṣùgbọ́n kí ẹ ka ìpín karùn-ún kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo pa òwe yẹn kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n kí n tó kọ ìpín kejì.

2. Ọgbà aró mi, pẹ̀lú gbogbo ìkòkò, kànga, àti ilẹ̀ tó lọ dé etí títì, mo fi fún Keziah. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé e jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní àjẹ́ mọ́ nínú ilé yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó jà lórí èyí, nítorí náà n ó sọ ìdí rẹ̀. Ṣàngówálé fẹ́ kí n ta ilẹ̀ etí títì fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Mo kọ̀. Kò pẹ́ sí i, aró mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìkòkò tó yẹ kó máa hó, kó sì máa dán, yóò kàn máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ni. Ṣàngówálé dúró láàrin agbo ilé, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ó ní láti ìgbà tí Keziah ti ń tọwọ́ bọ aró ni aró ti ń bàjẹ́, pé obìnrin tó jẹ ọkọ rẹ̀ tán ló tún ń jẹ òwò ìyá ọkọ. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn sá fún un. Orin ìjọ ni Keziah ń kọ lábẹ́ ahọ́n, ó sì ń fọ ìkòkò lọ.

Olúsọjí wá kí mi nígbà náà. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà kò ní làákàyè ti ara rẹ̀; àṣẹ tí ènìyàn bá kọ fún un ló ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n kì í rẹ̀ ẹ́ láti ṣírò. Mo pa òwe àjẹ́ yẹn fún Olúsọjí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, ìgbà mélòó ni àjẹ́ ké tí ọmọ kankan kò kú? Ìgbà mélòó sì ni ọmọ kú tí ẹyẹ kankan kò ké?" Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní kí n gbé igbá mẹ́rin kalẹ̀, kí a máa fi òkúta kan ka ìkòkò kọ̀ọ̀kan sínú wọn. Aró tó bàjẹ́ nígbà tí Keziah wà nílé, tirẹ̀ nìyí. Èyí tó dára nígbà tó wà nílé, tirẹ̀ nìyí. Èyí tó bàjẹ́ nígbà tí kò sí nílé àti èyí tó dára nígbà tí kò sí, igbá tiwọn nìyẹn. Ó ní àbá tí a ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni pé Keziah kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àti pé bó wà bí kò sí, bákan náà ni aró yóò ṣe máa bàjẹ́. Àbá yẹn ni a ó dì mú títí iye inú igbá yóò fi bì í ṣubú. Ó dùn mọ́ mi. Nílé tiwa, ẹ̀bi la kọ́kọ́ ń dì mú.

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé ni mo ti ń fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sí ara ògiri ọgbà aró: ìkòkò wo ló dára, èwo ló bàjẹ́, ọwọ́ ta ni eérú rẹ̀ ti wá. Ọjà ọrọọrún wa ni mo fi ń ka ọjọ́. Bí ọjà kan bá ti ná, n ó fa ìlà. Ọjọ́ ìsinmi ni Keziah ní tirẹ̀ ń lọ kọrin ní ìjọ wọn ní Inísà, tí yóò sì sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Olúsọjí da ọjà mi pọ̀ mọ́ ọ̀sẹ̀ Keziah, ó lu gbogbo rẹ̀ ní ihò sínú páálí, nítorí ihò ni ẹ̀rọ náà ń kà, ó sì gbé e lọ fún un ní Ìbàdàn.

Èsì tí Olúsọjí kọ́kọ́ mú bọ̀ dá Keziah lẹ́bi. Ṣàngówálé jó yíká kànga. "Ẹ̀rọ òyìnbó ti jẹ́rìí! Ẹ ò tún ní sọ pé èmi ni mo purọ́!" Keziah di ẹrù rẹ̀, ó pọn Adéọlá. Òjò ló dá a dúró di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì yẹn, Olúsọjí gba ọjà lọ láti ra òbúkọ. Ó bá ìsọ̀ lófìfo, obìnrin kan ṣoṣo ló ń gbálẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ọmọ Ìbàdàn, àná lọjà. Àbí àwọn iwin lo fẹ́ bá nájà?" Àwa tí a wà nílé gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúsọjí kò rẹ́rìn-ín. Ó sáré wálé, ó ń ka ìka. Ọrọọrún tí mo kọ, ọjọ́ márùn-ún gbáko ló fi sí àárín ọjà kan àti èkejì, bí wọ́n ti kọ́ ọ níléèwé. Bẹ́ẹ̀, àwa a máa ka ọjọ́ òní mọ́ ọn: bí ọjà bá ná ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná. Nínú páálí rẹ̀, ọjọ́ ti ń yẹ̀ láti ọjà dé ọjà, títí ó fi gbé Keziah sí ìdí aró nígbà tó wà ní Inísà tó ń kọrin. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Keziah lórí ẹrẹ̀.

Ó tún gbogbo rẹ̀ kà, ó tún un lù. Lọ́tẹ̀ yìí àbá wa kò ṣubú: ọwọ́ Keziah mọ́. Ṣùgbọ́n Olúsọjí ti fi ọ̀rọ̀ eérú kún un. Aró tí a fi eérú àwọn obìnrin Igbayè ṣe kì í sábà bàjẹ́. Èyí tí a fi eérú ilé búrẹ́dì Ìkìrun ṣe, eérú tí Ṣàngówálé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó yè níbẹ̀. Olúsọjí rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí kò bá sí nǹkan kan nídìí rẹ̀, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní ó lè jẹ́ eérú ló burú, kì í ṣe ẹni tó gbé e. Mo rán Adédùntán sí ilé búrẹ́dì kan náà. Eérú tí òun gbé wá ṣe aró tó dú bí òru.

N kò bá Ṣàngówálé jà. Mo kàn sọ fún un pé eérú rẹ̀ ti tó.

3. Gbèsè aṣọ tó wà lọ́rùn ìyá Keziah ní Inísà, mo fi jì í. Àwọn ewúrẹ́ mi jẹ́ ti Adédùntán.

4. Àtùpà onígíláàsì mi, mo fi fún Ọ̀gbẹ́ni Fátóògùn, tó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo kọ álífábẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Èyí tó kù, èmi àti òun la mọ̀ ọ́n.

5. Yàrá mi: ẹ má fi ẹfun kun ún, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ògiri rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dá eérú dúró ni Ṣàngówálé ti ń gbé àgbo làkúrègbé wá fún mi ní ọjọ́ ọjà gbogbo. Ohùn rẹ̀ dẹ̀. "Ẹ mu ún tán, ìyá mi, kò korò." Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ mi ti ń wú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ nínú èrìgì mi láàárọ̀. Mo mọ òwe tí ẹ ó pa. Ohun tí n kò gbà kí wọ́n fi dá ọmọ ẹlòmíràn lẹ́bi, n kò ní fi dá ọmọ tèmi lẹ́bi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí mo ń da àgbo sí nídìí ti ń rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ti wà, ti aládùúgbò náà ń rọ.

Nítorí náà, bó bá ti lọ tán, n ó ju owó ẹyọ kan sílẹ̀. Bó bá dojú dé, n ó mu. Bó bá ṣíjú sókè, n ó dà á nù. Èédú ni mo fi ń sàmì sí ògiri: òbìrípo fún èyí tí mo mu, igi kan fún èyí tí mo dà nù, àgbélébùú lábẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ara kò yá. Bí mo bá ń dà á nù ní gbogbo ìgbà, n kò ní mọ̀ láé. Bí mo bá ń mu ún ní gbogbo ìgbà, ó lè má ku ẹni tí yóò mọ̀. Àbá tí mo gbé kalẹ̀ ni pé ọmọ mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Orí àbá yẹn ni mo ń sùn.

Àmì náà kò tíì tó dá ẹjọ́. Bí mo bá kú kó tó tó, ẹ má fọwọ́ kan Ṣàngówálé. Kí Olúsọjí da àmì náà kọ, kó fi ọjọ́ ikú mi kún un, kó sì ka ọrọọrún bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á. Bí àbá náà bá ṣubú, kí ilé Ìkìrun di ti Adéọlá, kí ẹ sì kó ohun gbogbo lọ fún ọlọ́pàá. Bí kò bá ṣubú, kí gbogbo yín kúnlẹ̀ níwájú Ṣàngówálé lẹ́bàá ibojì mi, kí ẹ bá mi tọrọ àforíjì, kí ẹ sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà.

Mo fọwọ́ sí i ní Òkúkù, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, ọdún 1965.

Morádéyọ̀ Àjọkẹ́ Akínyẹlé

Àwọn tó rí mi nígbà tí mo fọwọ́ sí i: Ọmọ́dára Ògúnjọbí, Òkúkù; Àdùnní Ọ̀ṣúnkẹ́mi, Inísà.

Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí Olúsọjí pẹ̀lú ìwé yìí, fún páálí àti fún iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i: pọ́n-ùn méje ààbọ̀.