Ìwé Ọmọ Rẹ Tí Mo Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ̀

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú wàhálà ìlú ńlá. Ọlọ́run tó mú ọ lọ ni yóò mú ọ bọ̀, o ò ní fẹsẹ̀ kọ. Àlàáfíà la wà níbí. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ ṣọ́jà àti ti tíṣà láti ogójì ọdún, kí ni kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe? Ìyàwó mi kékeré, ìyẹn ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ mi, wà dáadáa. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n ó ti mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ìloro wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Ẹ̀rọ ìkọ̀wé tí o fi ránṣẹ́ sí i ti dé, wàá jèrè ọmọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó dé, mo yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀, bọ́tìnì inú rẹ̀ kò tó mẹ́wàá, mi ò sì rí ibi tí tàdáwà ń gbà wọlé. Mo ní háà, wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì. Ọmọ rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò nílò tàdáwà, ọwọ́ lòun fi ń kàwé. Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ilé ìwé ní kí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ wá, kí ó kà á níwájú ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Bó bá kà á, yóò dúró ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ríran; bí kò bá lè kà á, kí á wá ilé ìwé míì fún un lọ́nà jíjìn. Ó fi ẹ̀rọ náà tẹ ojú ìwé mẹ́ta. Láàárọ̀, nígbà tó lọ wẹ̀, mo rí bébà náà lórí tábìlì, gbogbo ara rẹ̀ rí kókó-kókó bí ara ọmọ tí èéyi mú. Mo ní ta ni yóò gba irú ìwé báyìí lọ́wọ́ ọmọ mi? Áyọ́ọ̀nù sì ti gbóná. Mo wọ́n omi sítáàṣì díẹ̀ sí i, mo lọ̀ ọ́ síwájú, mo lọ̀ ọ́ sẹ́yìn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú mi dùn.

Tíṣà rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní ọmọ náà dìde, ó gbé ọwọ́ lé ìwé, ó ń wá, ó ń wá àwọn kókó yẹn, àṣé àwọn ni lẹ́tà tó fi ń kàwé. Lẹ́yìn náà ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn sítáàṣì, ó sì rọra jókòó. Ọ̀gá àgbà bi í pé kí ló dé, ó ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kàwé ni. Ọmọ tó ń kàwé nínú òkùnkùn biribiri nígbà tí èmi ń wá àtùpà kiri. Ó mọ ẹni tó ṣe é, kò kàn fẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ni.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé áyọ́ọ̀nù mi lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mo gbé e ka orí tábìlì rẹ̀, mo ní ọ̀daràn rèé, èmi sì ni mo rán an níṣẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà tún un tẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló kà á bí ẹní mumi. Kíláàsì rẹ̀ ló wà báyìí.

Ìwé tó kọ sí ọ ló wà láàárín páálí méjì yìí. Mi ò lọ̀ ọ́ o. Ó mú ìka mi, ó fi í lé ibì kan, ó ní Bàbá Àgbà ló wà níbẹ̀ yẹn, ṣé mo mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ mi, áyọ́ọ̀nù ti pa ọwọ́ mi, mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, pé ó hàn ketekete. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Nítorí náà, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún bébà tó nípọn, kí o sì fi ti ìpara tó ń mú àtẹ́lẹwọ́ rọ̀ kún un, èyí tó lágbára. Bí ọmọ rẹ ṣe bo àṣírí mi, Ọlọ́run á bo tìrẹ. Má sọ ọ̀rọ̀ ìka yẹn fún un. Jẹ́ kí ìpara náà yá, kí irọ́ mi lè tètè di òótọ́.

Èmi bàbá rẹ,
alágbàfọ̀.