Ìdí Tí Mi Ò Fi Bá Bàbá Ràzáàkì Bẹ̀bẹ̀ Nítorí Rédíò Wọn

Cadjèhoun, Kútọnu
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin àti Màmá nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ tó ń ro yín sì ti rọlẹ̀. Ara èmi náà le.

Mo gbọ́ pé Bàbá Ràzáàkì, àbúrò yín, ti wá sí Kétu wá fẹjọ́ mi sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu èmi náà.

Igba rédíò àfọwọ́mú ni wọ́n rà láti Ṣáínà, irú èyí tí àwọn gádíyẹ̀n tó ń ṣọ́ ilé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì wa ló ń yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Láìsí ìwé àṣẹ wa, dúwáànì, àwọn aṣọ́bodè, kò ní jẹ́ kó kúrò ní èbúté. Bàbá Ràzáàkì ti rà á kí wọ́n tó bèèrè ìwé tó yẹ kí wọ́n gbà.

Nígbà tí mo rí orúkọ wọn lórí fáìlì, mo gbé e fún Mathieu tá a jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú fún ẹbí mi. Ó tan rédíò kan, ó wọn ìgbì tó ń gbé ohùn rẹ̀. Orí ìgbì tí àwọn awakọ̀ òfurufú fi ń bá pápákọ̀ sọ̀rọ̀ ló bọ́ sí, ó sì lè dí wọn lọ́wọ́. Ó yẹ èkejì wò, ó yẹ ẹ̀kẹta wò, bákan náà ni.

Bàbá Ràzáàkì wá bá mi nílé. Wọ́n ní, "Monísọ́lá, bá mi bá Mathieu sọ̀rọ̀. Kó ṣáà fọwọ́ sí i. Ṣé o rántí ẹni tó fi alùpùpù gbé ọ lọ sí Calavi nínú òjò, lọ́jọ́ ìdánwò rẹ?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá, mi ò sì ní gbàgbé. Àmọ́ èèyàn wà nínú ọkọ̀ òfurufú. Mi ò lè bá a sọ ọ́." Wọ́n dìde, wọn ò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sunkún.

Wọ́n dá ẹrù náà padà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì fi òmíràn ránṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ìyẹn yege. Bàbá Ràzáàkì wá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Mathieu, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kọjá, wọn ò bojú wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tí mo kí wọn.

Ẹ má bá wọn jà nítorí mi. Mi ò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú wọn ń dùn mí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé jẹun ọmọ, kó sì fi ìrẹ́pọ̀ sáàárín ẹ̀yin àti àbúrò yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Monísọ́lá

Àfikún: Mi ò tíì di lẹ́tà yìí tán tí Bàbá Ràzáàkì fi pè mí. Wọn ò mẹ́nu kan ìjà. Wọ́n kàn ní, "Kámẹ́rà tí kò lo wáyà ni mo fẹ́ rà báyìí. Mi ò tíì sanwó o. Ìwé wo ni mo máa kọ́kọ́ gbà?"