Orúkọ Ìyá Mùnírù

Kí ni wọ́n sọ Ìyá Mùnírù ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Èmi, Florence Àpèkẹ́ Adéyanjú, aránṣọ ní Enugu Road, Sabon Gari, Kano, ń sọ fún ẹ̀yin àjogún mi, àti fún Ọ̀gbẹ́ni Bàdírù tí yóò mú ìwé ìhágún yìí ṣẹ, pé àìsàn wà lára mi, ṣùgbọ́n orí mi pé.

1. Mo fi ilé mi fún Fọlákẹ́, ọmọ Richard àbúrò mi. Richard, mo mọ ohun tí o máa wí: "Ṣé obìnrin ni yóò wá di baálé?" Abẹ́rẹ́ ni mo fi kọ́ ilé náà. Má bá ọmọ rẹ jà.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti Ramlat, ọmọ iṣẹ́ mi ní àdúgbò Noman's Land. Kí ó máa fi epo sí i.

3. Ìwé mẹ́sàn-án tí mo fọwọ́ kọ di ti Fọlákẹ́. Mo ti ka ìtàn ọba àti jagunjagun púpọ̀; ẹkún ṣáá ni àwọn obìnrin inú wọn ń sun. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìtàn àwọn obìnrin tó bá ọkọ̀ ojú irin dé Kano. Ìyá Mùnírù ló ṣíwájú wọn. Nígbà tí alákòóso ọjà ní kí àwọn obìnrin kó ìsọ̀ wọn kúrò, ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà alákòóso náà, ó jókòó ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ń kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́, títí ọkùnrin náà fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Àṣìṣe mi nìyí: bí a ṣe ń pè wọ́n ni mo ṣe kọ wọ́n, Ìyá lágbájá, Ìyàwó lágbájá. Ìyá Mùnírù sì ti kú. Mo bi Mùnírù, ó fi Hausa dáhùn: "Mu dai Iya muke ce mata." Ìyá ṣáá ni àwọn ń pè é.

Èmi nìkan ni àdúgbò ń pe orúkọ mi, nítorí n kò bímọ. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti ń dùn mí bí èébú. Bóyá orúkọ ọmọ rẹ̀ wu Ìyá Mùnírù ju tirẹ̀ lọ. N kò bi í léèrè rí.

4. Kí Fọlákẹ́ wọkọ̀ ojú irin lọ sí Ọ̀fà, kí ó béèrè orúkọ Ìyá Mùnírù. Mùnírù mọ agbolé ìyá rẹ̀. Bí wọn kò bá rántí níbẹ̀, kí ó fi àyè orúkọ náà sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé mi. Kí ó má fi orúkọ tó dùn dí i.

Ọwọ́ mi rèé: Florence Àpèkẹ́ Adéyanjú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 1948.

Ẹlẹ́rìí: Àmúsà Adéyẹmí, tó yà wá láti mọ́ṣáláṣí.

Ẹlẹ́rìí: aládùúgbò mi, Ìyá Albert. Mo ní kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó di gègé mú fún ìgbà pípẹ́, ó rẹ́rìn-ín: "Àpèkẹ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́." Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́: Rose Àṣàbí Adékọ̀yà.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa àtùpà.