Ọtí Kájú Tí Mo Tu Nù Lójú Àgbà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ ní orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Gbogbo wa wà dáadáa ní Ìrókò níbí. Bàbá Ìfẹ́ ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Mọ́níyà láràárọ̀. Òjò kò tíì dé, ilé sì máa ń dá páropáro lọ́sàn-án.

Ẹ béèrè iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi ń pọn ọtí èso tí wọ́n ń pè ní sáídà, láti ara kájú àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Èmi ni mò ń tọ́ ọ wò, tí mo ń sọ oúnjẹ tó bá a mu. Ti kájú máa ń fún ẹnu pọ̀, wàrà díndín ló ń tú u. Ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àkàrà gbígbóná ni. N kì í gbé e mì. Inú ike ni mò ń tu ú sí, torí Ìfẹ́ ṣì ń mu ọmú, oṣù méje péré ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá tó ni ilẹ̀ tí ọ̀gá ti ń ká kájú wá. Wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa gba ilẹ̀ àwọn, ọ̀gá wá ní kí n bu ọtí fún wọn. Mo tọ́ ọ wò bí mo ṣe máa ń ṣe, mo tu ú nù, mo kúnlẹ̀ gbé ife fún wọn. Ó ti bọ́ kí n tó rántí! Bàbá wo ike, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní ilé wo ni wọ́n ti kọ́ mi, pé ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ mu ún, àfi tí májèlé bá wà níbẹ̀. Wọ́n dé fìlà, wọ́n dìde. Ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀, ó ń wò mí.

Mo mu ife náà tán. Bàbá padà jókòó, wọ́n mu, wọ́n jẹ wàrà, wọ́n ní ọtí yìí mà lójú àánú ju ẹni tó gbé e wá lọ. Wọ́n ní kí ọ̀gá máa lo ilẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ògì ni mo fún Ìfẹ́. Ó ń sunkún, ó ń fa bùláòsì mi. Mo fún ọmú mi dànù sílẹ̀.

Ọ̀gá ní bí àlejò bá tún dé, kí n máa kọ́kọ́ mu. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ máa mu ún. Inú rẹ̀ kò dùn, ó lè ní kí n máa lọ. Ahọ́n mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ fún un, Màámi. Ìfẹ́ ló ni ọmú.

Mo fi lẹ́tà yìí síta kí abiyamọ mìíràn lè kà á. Ẹ fi Ìfẹ́ sí àdúrà. Ẹ̀yin náà yóò pẹ́ fún wa, ẹ ó gbé ọmọ rẹ̀ jó. Ẹ kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́