Bíì Tó Wà Nídìí Kọ́múbù

Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kẹta
Wọ́n gbé Tíṣà délé láti ọsibítù. Àrùn rọpárọsẹ̀ yẹn ti ń dẹwọ́ — apá ń gbé díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ń gbìyànjú. Ẹnu nìkan ni kò tíì là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àbúrò mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán! Kò ṣe tíṣà rí o; àtúnṣe tó máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ mi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ilé ìfọṣọ kan náà la jọ fi ọgbọ̀n ọdún lọ aṣọ. Ṣùgbọ́n òun ka ìwé mẹ́fà, èmi ka méjì, kò sì jẹ́ kí n gbádùn.

Wẹ́dìnẹ́sìdeè, ọjọ́ 5
Wẹ́dìnẹ́sìdeè ni mo kọ. Lẹ́tà díì wà láàárín rẹ̀, mo pè é. Mo kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti fò dìde láti tún un ṣe. Ojú lásán ló fi ń wò mí.

Fúráìdè, ọjọ́ 7
Ẹni tí yóò máa kọ́ Tíṣà ní ọ̀rọ̀ sísọ dé. Ọmọdébìnrin kan báyìí, bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó. Káàdì alàwòrán kún àpò rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Oníkáàdì. Ó gbé àwòrán ọ̀bẹ sókè, ó ní "náìfù". Tíṣà dákẹ́. Mo ní "kináìfù". Ó ní, Màmá, a kì í pe kéè yẹn. Mo ní, ta ló wá kọ ọ́ síbẹ̀, àbí ó ṣìnà ni? Ọmọ Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Oníkáàdì kò rẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 10
Wọ́n ti lé mi. Ọmọ Tíṣà ló wá jẹ́ iṣẹ́ náà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Màmá Àgbà, ẹ má bínú o, Oníkáàdì ní ọ̀nà méjì ń da Mọ́mì lọ́pọlọ rú, ẹ máa jókòó sí kíṣìnì tó bá ti dé. Kíṣìnì! Èmi tí mo pọn ìyá rẹ̀! Ẹnu tèmi náà ti pa dé.

Wẹ́dìnẹ́sìdeè, ọjọ́ 12
Kíṣìnì. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri. "Kọ́bọ́ọ̀dù." Ìdákẹ́jẹ́. "Kọ́bọ́ọ̀dù." Ìdákẹ́jẹ́. Èyí tó ń tẹ̀ lé e yẹn ló ń dùn mí.
Kọ́pùbọ́ọ̀dù la pè é láyé tiwa, a kì í fo píì inú rẹ̀. Bàbá arúgbó tó kọ́ wa ní kíláàsì kejì máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́: lẹ́tà tí o kò bá pè, yóò wá fẹjọ́ rẹ sùn mí. Nígbà tí Tíṣà fi máa débẹ̀, bàbá ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ń gbé lẹ́tà mì bí oògùn. Ibẹ̀ nìjà wa ti bẹ̀rẹ̀.
Ìwé nìkan ni mo lè sọ fún. Ó tó ogún ọdún tí mo ti mọ̀ pé Tíṣà ló jàre. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà, kí la ó wá máa bára wa sọ?

Sátidé, ọjọ́ 15
Òjò. Oníkáàdì ní bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá lọ láìsí ọ̀rọ̀ kan, òun ò ní wá mọ́. Ẹlòmíì ń dúró de àyè náà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 17
Ọmọ Tíṣà jáde. Òtútù ń mú Tíṣà, Oníkáàdì sì ń wá ìborùn rẹ̀ kiri, ó ké sí mi ní kíṣìnì. Mo gbàgbé ara mi. Mo ní, ó wà nínú kọ́pùbọ́ọ̀dù!
Oníkáàdì ranjú mọ́ mi. Nígbà náà ni nǹkan kan dún lórí àga Tíṣà. Ó há, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.
"Kọ́… bọ́ọ̀dù."
Kì í ṣe káàdì ló ń wò. Èmi ni. Ó gbé ìpéǹpéjú kan ṣoṣo tó ń gbé sókè, ojú ìjà àtijọ́ gan-an.
"Kọ́bọ́ọ̀dù, Ẹ̀gbọ́n."
Oníkáàdì jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo ní àlùbọ́sà ni. N ò gé àlùbọ́sà kankan.
Oníkáàdì ní kí n gbé àga tèmi wọlé. Ó kó gbogbo káàdì lé mi lọ́wọ́. Mo mú èyí tó wà lókè. Òòyà. Mo wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ dáadáa: bíì wà nídìí rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn kì í pè é.
"Kọ́múbù," mo wí. Mo sì ń dúró de Tíṣà.